Gáàsì AC Kì Í Tán, Jíjò Ló Ń Jò: Bí A Ṣe Ń Wá Àrùn AC Ọkọ̀ Tòkúnbọ̀ Láì Fowó Ṣòfò

"Ẹ́ńjìnì pé, gíà pé, AC ń tutù bíi yìnyín." Kò sí ẹni tó ti lọ ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ rí tí kò gbọ́ orin yìí lẹ́nu ẹni tó ń tà á. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn wá wo ọkọ̀, nígbà tí oòrùn ò tíì mú, wọ́n á sì ti tan AC sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ wọlé, otútù kọlù yín, ẹ sanwó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọjọ́ta tàbí ní Mọ́kọ́lá, aago méjì ọ̀sán, atẹ́gùn tó ń ti ojú dáṣíbọ́ọ̀dù jáde sì ń gbóná bí èémí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ oní-AC tó bá sún mọ́ wa, a ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi rọ gáàsì sí i." Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rọ gáàsì láàárín oṣù márùn-ún. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n ní compressor ti kú, mo lọ ra òmíràn, wọ́n tún rọ gáàsì lé e. AC tutù fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹ fi ọjọ́ mọ́kànlá yẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Gáàsì AC kì í ṣe epo bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnì kì í jó o, ọkọ̀ kì í mu ún. Inú páìpù tí a dé pa ló ti ń yí po láti ọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́ sí i nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. Tó bá dín kù, ibì kan ló gbà jáde. Lóòótọ́, páìpù rọ́bà máa ń jẹ́ kí díẹ̀ yọ́ jáde bí ọdún ti ń gorí ọdún, nítorí náà ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá tí AC rẹ̀ ò tutù tó ti tẹ́lẹ̀ lè fẹ́ àfikún díẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì tí ẹ rọ lóṣù kejì tó ti tán lóṣù kẹrin, ihò wà níbì kan, ẹni tó bá sì tún rọ òmíràn láì wá ihò náà, inú ajere ló ń pọn omi sí.

Ooru ni AC ń kó jáde

Ẹ rántí ìgbà tí nọ́ọ̀sì fi spirit nu apá yín kó tó gún yín lábẹ́rẹ́. Ojú ibẹ̀ tutù rinrin. Spirit náà ò tutù nínú ìgò. Bó ṣe ń gbẹ lára yín ló ń kó ooru ara yín lọ. Amù ìyá àgbà náà, ọgbọ́n kan náà ló ń lò: omi tó ń yọ́ sí ara rẹ̀ ń gbẹ, èyí tó kù nínú sì ń tutù. Ohunkóhun tó jẹ́ olómi, tó bá ń di afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ rí ooru kó. AC ò dá otútù kankan sílẹ̀. Ooru inú ọkọ̀ ló ń kó lọ dà síta.

Gáàsì tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ojú pópó wa ni R134a. Tí kò bá sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìwọ̀n −26 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń hó. Níbi tí omi ti dì gbagidi, òun ṣì ń hó yaya. Compressor tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ń yí ni ọkàn iṣẹ́ náà. Ó ń fún gáàsì pọ̀ títí á fi gbóná janjan, á wá tì í sínú condenser, èyí tó dà bíi rédíétọ̀ pẹlẹbẹ tó wà níwájú pátápátá. Fáànù àti atẹ́gùn ojú ọ̀nà á gba ooru lára rẹ̀, gáàsì á di olómi. Olómi yìí á kọjá nínú ìgò kékeré tí wọ́n ń pè ní drier, tó ń fa ọ̀rinrin kúrò nínú rẹ̀, á dé ojú ihò tóóró kan. Bó bá ti bọ́ sí òdì kejì ihò náà, ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ á fi í sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú evaporator tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, á máa fa ooru mọ́ra. Blower á fẹ́ atẹ́gùn gba ara evaporator yìí kọjá sí yín lójú. Gáàsì á padà sínú compressor, ìrìn àjò tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ mú nínú gbogbo èyí kò pọ̀. Páìpù méjì ló wọ inú ọkọ̀ láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí AC bá ń ṣiṣẹ́, èyí tó nípọn gbọ́dọ̀ tutù, kó máa làágùn bí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fíríìjì. Èyí tó tín-ín-rín gbọ́dọ̀ gbóná tàbí kó lọ́wọ́ọ́rọ́. Tí méjèèjì bá rí bákan náà lọ́wọ́ yín, gáàsì ò rìn. Omi tó sì ń kán lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ bá tan AC, òógùn evaporator ni, ara tó dá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá tọ́ka sí omi yẹn tó ní AC yín ń jò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ìgbà tí omi náà bá ń dà sí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà ni wàhálà wà, kò sì le: rọ́bà tó ń gbé omi jáde ló dí, wáyà rírọ̀ kan á là á.

Ohun tí ojú, etí àti ọwọ́ lè rí lọ́fẹ̀ẹ́

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé atẹ́gùn ni kò jáde dáadáa, àbí atẹ́gùn ń jáde ṣùgbọ́n kò tutù? Àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí atẹ́gùn ò bá lágbára, fíìtà inú ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀yìn pigeonhole ló sábà máa ń wà, yíyọ rẹ̀ ò sì gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èyí tí mo yọ nínú ọkọ̀ mi dúdú bí ìdí ìkòkò, ewé gbígbẹ igi tí kì í hù nílẹ̀ wa sì kún inú rẹ̀; láti Amẹ́ríkà ló ti rù ú bọ̀. Tí blower bá ń ṣiṣẹ́ ní nọ́ńbà tó ga jù nìkan, tí àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ti dákẹ́, resistor rẹ̀ ló jóná. Ohun kékeré ni, kò kan gáàsì rárá.

Tí atẹ́gùn bá ń jáde ṣùgbọ́n tó gbóná, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ẹnì kan tan ẹ́ńjìnì kó sì tẹ AC, kí ẹ̀yin máa wo iwájú compressor. Ẹ ká apá aṣọ yín o, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ ó gbọ́ "kọ́", àwo tó wà níwájú rẹ̀, tó ti dúró jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá bẹ́líìtì yí. Clutch nìyẹn. Tí ẹ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kéde pé compressor ti kú, ibí sì ni owó ti máa ń ṣègbé. Ẹ kọ́kọ́ wo fíúùsì AC. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ relay AC, ìyẹn súwíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún clutch, kí ẹ fi òmíràn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ bá tirẹ̀ mu rọ́pò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ti fèrè máa ń bá a mu, ẹ kàn fi wọ́n gba ipò ara wọn. Tí AC bá mú, tí fèrè wá dákẹ́, ẹ ti rí olè náà mú, ẹ ò sì tíì ná nǹkan kan. (Àwọn compressor ìgbàlódé kan wà tí kò ní clutch, tiwọn kì í dún "kọ́", wọ́n kàn ń yí ṣáá ni. Fáàfù iná mànàmáná kékeré ẹ̀yìn wọn ló ń pinnu bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́ tó, fáàfù yẹn nìkan sì ṣeé pààrọ̀ lára púpọ̀ nínú wọn.)

Tí fíúùsì àti relay bá dára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gáàsì ló dín kù lóòótọ́. Sensor kan wà lára páìpù tó ń ṣọ́ ọ. Tí gáàsì bá kéré jù, sensor náà ò ní jẹ́ kí clutch mú, nítorí gáàsì ló ń gbé ọ́ìlì kiri inú compressor. Láìsí gáàsì, irin á máa gún irin ní gbígbẹ. Ìdí nìyí tí ara mi fi máa ń bù máṣọ tí mo bá gbọ́ tí rèwáyà ní òun fẹ́ "direct" ẹ̀. Wọ́n á fa wáyà láti ẹnu bátìrì lọ tààrà sí clutch, AC á mú, inú oníbàárà á dùn títí á fi délé. Ká fi wáyà kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì láti mọ̀ bóyá clutch ṣì ń fà, ìyẹn yé mi. Ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni bí a ṣe ń sọ àrùn rọ́bà kékeré di ikú compressor.

Àrùn kan tún wà tó máa ń tan àwọn oní-AC gan-an jẹ: AC tó ń tutù dáadáa láàárọ̀, tó wá ń kú nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, tó sì tún ń jí tó bá sinmi. Gáàsì pé, compressor ò dún. Ohun tó máa ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà ni pé clutch ti jẹ, àlàfo tó wà láàárín àwo iwájú àti pọ́ọ̀lì tí bẹ́líìtì ń yí ti fẹ̀ jù. Kọ́ìlì tó ń fa àwo náà mọ́ra kì í lágbára tó bó ṣe yẹ tó bá gbóná, kò lè fà á dé mọ́. Nǹkan bíi ìdajì mìlímítà ló yẹ kí àlàfo yẹn jẹ́, bí ẹ bá to ìwé pélébé mẹ́rin sí márùn-ún lé ara wọn. Oní-AC tó mọṣẹ́ á tú bóòtù kan níwájú rẹ̀, á yọ ọ̀kan nínú àwọn wáṣà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ àwo náà, àlàfo á dín kù, AC á padà sípò. Wáṣà kan! Mo mọ ẹnì kan tó ra odidi compressor nítorí àrùn yìí, nǹkan kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún kejì, torí pé èyí tó rà náà ti jẹ wá láti ibi tó ti ń bọ̀.

Tí AC bá ń tutù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, tó ń gbóná nígbà tó bá dúró sínú gó-síló, ojú fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ condenser láìsí ìrànlọ́wọ́. Tí ọkọ̀ bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ẹ tan AC, ẹ wò ó bóyá fáànù ń yí. Tó bá ń yí, ẹ fi abala ìwé kan kan iwájú condenser: nínú ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ wà lẹ́yìn rédíétọ̀, ìwé náà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá ń tì í padà, ẹni tó ṣe wáyà fáànù gbẹ̀yìn gbé e kọ́dì, ó ń fẹ́ ooru ẹ́ńjìnì padà sára condenser. Mo ti fojú mi rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi omi tí kò le fọ ẹrẹ̀ àti kòkòrò kúrò lára condenser náà; ẹ̀rọ ìfọkọ̀ alágbára àwọn onífọkọ̀ máa ń tẹ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ ara rẹ̀ mọ́ra wọn, atẹ́gùn ò sì ní lè kọjá mọ́. Ẹ tún wo géèjì ooru ẹ́ńjìnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tí ẹ́ńjìnì bá ń gbóná jù, ọpọlọ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa pa AC. Ẹni tí mẹkáníìkì bá yọ thermostat rẹ̀ (fáàfù tó ń darí omi ẹ́ńjìnì) jù sígbó, tí kò sì tún rédíétọ̀ ṣe, kó kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Àwọn tó kù ò gba àlàyé púpọ̀. Tí ọ̀tún bá tutù, tí òsì gbóná, tàbí tí nǹkan kan ń dún "kẹ́-kẹ́-kẹ́" lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, mọ́tò kékeré tó ń darí ilẹ̀kùn atẹ́gùn ló ṣeé ṣe kó bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáàsì tó dín kù náà lè mú kí ẹ̀gbẹ́ kan tutù ju èkejì lọ. Tí atẹ́gùn bá ń tutù fún wákàtí kan tó wá ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde mọ́, evaporator ti di yìnyín. Ẹ pa AC fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yìnyín á yọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wo fíìtà, gáàsì àti sensor tó ń wọn otútù.

Tó bá di ọ̀rọ̀ oní-AC

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ló máa pinnu iye tí ẹ máa san. Tí ẹ bá ní "ẹ rọ gáàsì", gáàsì ni wọ́n á rọ. Ẹ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wá ibi tó ti ń jò, màá sanwó ìwákiri lọ́tọ̀." Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ọ̀nà, ohun tí wọ́n ń rò ni pé oníbàárà ò ní fẹ́ san owó ohun tí kò lè fojú rí.

Géèjì aláwọ̀ búlúù àti pupa tí wọ́n ń so mọ́ páìpù ò ṣòro láti kà. Tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnì tó sì ti tutù pátápátá, tí ojú ọjọ́ jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 30, ojú géèjì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 95 sí 100 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń ti ara páìpù. Ìyẹn ń sọ pé gáàsì wà níbẹ̀. Kò sọ bó ṣe pọ̀ tó. Tí AC bá ń ṣiṣẹ́, búlúù máa ń wà láàárín 30 sí 45, pupa láàárín 200 sí 270 nínú oòrùn tiwa. Tí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, gáàsì kéré. Tí méjèèjì bá ga, gáàsì pọ̀ jù, tàbí fáànù ò ṣiṣẹ́, tàbí afẹ́fẹ́ lásán ti wọ inú rẹ̀. Tí búlúù bá ga tí pupa wá lọ sílẹ̀, compressor ò lágbára láti fún gáàsì mọ́, níbí nìkan ni mo ti gbà kí wọ́n máa dárúkọ compressor fún mi. Tí búlúù bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo, ihò tóóró yẹn ló dí.

Wíwá ibi tó ń jò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú. Nítorí pé gáàsì àti ọ́ìlì jọ ń rìn ni, ibi tí gáàsì bá gbà jáde á fi ọ̀rá sílẹ̀, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo gbogbo oríkèé páìpù, ẹ wo ara condenser níbi tí òkúta ti lè sọ ọ́, ẹ wo iwájú compressor, ẹ má sì gbàgbé ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì gan-an. Fáàfù kékeré tó wà níbẹ̀, tó dà bíi ti táyà, máa ń jò, ó sì wà lára ohun tó pọ́ọ́kú jù lọ láti pààrọ̀. Lẹ́yìn ojú, ọṣẹ. Wọ́n á fi nitrogen kún inú páìpù, wọ́n á pò ọṣẹ ìfọṣọ sómi, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá ti ń hó lòun náà. Nitrogen ni mo wí o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé oxygen àwọn panẹbítà wá. Oxygen àti ọ́ìlì nínú ohun tí a dé pa lè bú gbàù. Atẹ́gùn fọkanáísà náà ò dáa, ó kún fún omi, R134a tó bá dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fún pọ̀ sì lè gbiná. Tí ọṣẹ ò bá rí i, wọ́n lè fi dáì, ìyẹn aró tó máa ń tàn, sí i kí ẹ wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n tó fi tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò wò ó. Evaporator ló máa ń gbẹ̀yìn, torí pé ó sápamọ́ sẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, iṣẹ́ títú rẹ̀ sì pọ̀.

Bí wọ́n bá ti dí ihò tán, wọ́n gbọ́dọ̀ fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà, kí wọ́n wo ọwọ́ géèjì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá gòkè padà, ó ṣì ń jò. Àwọn tó bá ń kánjú máa ń fo ìpele yìí, bẹ́ẹ̀ omi tó bá kù nínú páìpù á dì sójú ihò tóóró, á tún bá ọ́ìlì di ásíìdì tó ń jẹ irin. Lẹ́yìn èyí ni gáàsì tó kàn, orí òṣùwọ̀n ni kí wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Iye tí ọkọ̀ yín ń gbà wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ò gbà ju gíráàmù 400 sí 700 lọ. Gáàsì àpọ̀jù kì í mú AC tutù sí i. Ṣe ló ń dín otútù rẹ̀ kù, tó sì ń fún compressor lọ́rùn.

Ìwé pélébé yẹn náà ló máa sọ irú gáàsì tí ọkọ̀ yín ń lò. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín àwọn ọdún 1990 lo R12, èyí tí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 lé kúrò lọ́jà nítorí ó ń ba òsónù ojú ọ̀run jẹ́. Àwọn tuntun tó ń wọlé báyìí ń lo R1234yf, tó wọ́n ju R134a lọ fíìfíì, tí ẹnu páìpù rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tó bá ń wá tòkúnbọ̀ tuntun-tuntun ra, kó fi èyí kún ìṣirò owó rẹ̀. Ayédèrú gáàsì sì wà. Àwọn kan ń rọ gáàsì ìdáná; ó ń tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí evaporator bá lu nínú ọkọ̀ tí ẹnì kan ti ń ṣáná sí sìgá. Ẹ ní kí wọ́n so géèjì mọ́ sìlíńdà kí wọ́n tó lò ó: ní ìwọ̀n 30 yẹn, tó bá fi 140 tàbí 150 psi hàn dípò nǹkan bíi 97, kì í ṣe R134a.

Oògùn tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ láti dí ihò, èmi ò gbà á nímọ̀ràn. Ó lè dí ihò tó ń jò, ó sì lè dí ihò tóóró tí gáàsì gbọ́dọ̀ gbà. Ọkọ̀ háíbíríìdì, èyí tó ń lo epo àti bátìrì ńlá pa pọ̀, ẹ ṣọ́ra fún un pẹ̀lú: compressor rẹ̀ ń fi iná mànàmáná tó lè pa èèyàn ṣiṣẹ́, ọ́ìlì tirẹ̀ sì yàtọ̀. Tí ẹ bá ti rí wáyà aláwọ̀ ọsàn, ẹ wá ẹni tó mọ háíbíríìdì.

Tó bá wá jẹ́ pé compressor ti kú lóòótọ́, tó ń dún bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ, tí ọ́ìlì tó tú jáde dúdú tó sì ní èérún irin nínú, ẹ má fi òmíràn kàn rọ́pò rẹ̀ lásán. Èérún irin yẹn ti wọ inú condenser àti drier. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ páìpù, kí wọ́n pààrọ̀ drier, condenser náà sábà máa ń lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èyí tuntun ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Àlòkù tí àwọn ará Ládípọ̀ ní Èkó àti Àràròmí ní Gate n'Ìbàdàn ń pè ní "Belgium" lè dáa gan-an, ó tilẹ̀ ń sàn ju tuntun ayédèrú lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání kí nọ́ńbà àti ojú wáyà wọn lè bára mu. Ẹ fi ọwọ́ yí iwájú rẹ̀, kó máa yí geerege, kó má há, kó má sì fúyẹ́ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ méjèèjì: èyí tí wọ́n fi ìdérí dí sàn ju èyí tí eruku ọjà ti ń wọ̀ láti oṣù tó kọjá. Kí ọ́ìlì tó bá kán sílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì ra ọkọ̀, ẹ má lọ wò ó láàárọ̀. Ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, kí AC wà ní títàn fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ dúró sójú kan fún ìdajì àkókò yẹn. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ló ti fi iwájú gbá nǹkan kó tó wọkọ̀ ojú omi, condenser ló sì wà níwájú gbogbo nǹkan. Tí tirẹ̀ bá tuntun ju ohun gbogbo tó yí i ká lọ, ẹ béèrè ìtàn rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ tí ẹ ò nílò AC, ẹ ṣì máa tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ́ìlì lè kan àwọn rọ́bà rẹ̀ kí wọ́n má bàa gbẹ.

Ọjọ́ mọ́kànlá yẹn ńkọ́? Lẹ́yìn tí compressor tí mo rà náà ò ṣe nǹkan kan, ọ̀rẹ́ mi kan júwe oní-AC mìíràn fún mi. Ó wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti rọ gáàsì?" Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. "Ta ló bá yín wá ibi tó ti ń jò?" Mo dákẹ́. Ó pọn omi sínú ike, ó da ọṣẹ sí i. Kò tó ìdajì wákàtí tó fi pè mí wá wo ibi tó ti ń hó, níbi tí páìpù ti wọ condenser. Ó tú u, ó yọ rọ́bà roboto kan tí kò tóbi ju òrùka ọmọ ìka lọ. Ó ti le koránkorán, ó sì ti sán. Owó rọ́bà aláwọ̀ ewé tó fi rọ́pò rẹ̀ ò tó owó ẹ̀kọ àti àkàrà tí mo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tan ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ó lọ jẹun, ó padà dé, ó pa á, ó dúró wo géèjì. Ó wọn gíráàmù 480 sí i, bí ìwé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe wí. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí, n kò tíì padà lọ rọ gáàsì.

Compressor àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ó ti kú ṣì wà nínú bùútù mi lọ́jọ́ náà. Mo gbé e fún un pé kó bá mi wò ó. Ó fi ọwọ́ yí i, ó fi iná bátìrì kan clutch rẹ̀, ó dún "kọ́". Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọ́jú ẹ̀ o. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é."